Tépù Tí Kò Ní Ẹ̀yìn

Ẹ bá mi ká aṣọ yẹn kúrò lórí rẹ̀. Ẹ rọra o, bí ẹni ń ṣí ìbòjú ìyàwó. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, láti ìgbà tí ẹ ti gbọ́njú lẹ ti ń gbé àwo ìrẹsì lé irin yìí lórí, tí ẹ ń pè é ní tábìlì Bàbá. Kì í ṣe tábìlì. Elétí Erin lorúkọ rẹ̀. Ìyá yín àgbà, Rábíàtù, tí a sin lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ọdún yìí, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ tí ẹ ká yẹn. Láti ọjọ́ tó ti fi bò ó, kò ṣí i wò mọ́ títí ó fi kú. Ohun kan wà nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ mi yìí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá kàn tẹ̀ ẹ́ fún yín báyìí, ẹ óò gbọ́ ọ bí orin àtijọ́ lásán, ẹ óò sì dìde lọ. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ ná.

Ìkòsì tí mò ń wí yìí, kì í ṣe Ìkòsì tiyín. Oko ẹ̀gẹ́ ni gbogbo ibi tí ẹ ń rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti Ojota, a ó ti gbọ́ ọ kó tó yọ, a ó sì mọ ọkọ̀ ẹni tó jẹ́. Orí ẹní la máa ń wà tí a ó máa gbọ́ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ìsàlẹ̀ odò. Mọ́ṣáláṣí wa kò ní ẹ̀rọ kankan. Yésúfù Ládàánì ni yóò gun òkìtì, yóò fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, yóò pe ìrun, ohùn rẹ̀ a sì dé ẹ̀gbẹ́ Alápẹ̀rẹ̀. Ọ̀fìnkìn bá Yésúfù jà nígbà kan, ìdajì ìlú ló pẹ́ dé ìrun àárọ̀. Ohùn èèyàn níyì nígbà náà, torí pé bó bá ti kúrò lẹ́nu, ó lọ nìyẹn. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Lónìí, ẹ̀yin a gba ohùn ara yín sílẹ̀ níbi tí ẹ ti ń jẹ búrẹ́dì, ẹ ó sì ti pa á rẹ́ kí ẹ tó gbé òkèlè mì. Mi ò bá yín wí. Ẹ kò kúkú bá ayé pàdé nígbà tí ohùn jẹ́ ohun tí kò ṣeé dì mú.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Iṣẹ́ tí ìwé mẹ́rin lè rí fún mi ni iṣẹ́ mẹ́sénjà ní iléeṣẹ́ rédíò kan ní Èkó, kí n máa gbé tépù láti yàrá kan lọ sí èkejì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá tí àwọn ẹ̀rọ náà wà, mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n bọ́ ọ. Wọ́n tò lọ rẹrẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga dé ìgbànú mi. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni rílì ńlá méjì wà tó fẹ̀ bí etí erin, tí wọ́n ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, tí tépù pẹlẹbẹ kan ń tú kúrò lára ọ̀kan, tó ń wé mọ́ ara èkejì. Abẹ́rẹ́ kékeré kan wà lábẹ́ gíláàsì, ó ń jó sí ohùn ọkùnrin tó ń ka ìròyìn. Ọkùnrin náà gan-an sì wà níta o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí i tán ni, ó ń mu tíì. Òun wà níta, ohùn rẹ̀ wà nínú ilé, ó ń bá a ṣiṣẹ́. Ara mi bù máṣọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú níbẹ̀. Àwọn ẹnjiníà wa kì í yí tépù sí ìhà kejì láti lo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwo orin ní ẹ̀yìn. Kásẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀yìn. Làmídì ọ̀rẹ́ mi, tó ń tún rédíò ṣe ní Kétu, ní ẹ̀rọ kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù tó ń lo ojú tépù méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá wọ̀nyí, bí wọ́n bá ti lo ojú kan tán, wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ, wọ́n á mú òmíràn. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé, "Ẹ wo ìnákúnàá. Torí pé kì í ṣe owó bàbá wọn." Nílé wa, a kì í da ẹ̀yìn nǹkan nù. Bí aṣọ bá ṣá lójú, a ó tú u, a ó fi inú rẹ̀ ṣe òde, a ó sì tún wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́ta.

Nígbà tí iléeṣẹ́ náà ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n kó ti tẹ́lẹ̀ jáde sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n lu gbàǹjo. Kẹ̀kẹ́ ológeere mi ni mo tà tí mo fi ra ọ̀kan, pẹ̀lú rílì tépù kan ṣoṣo. Ọ̀gá Délé, ẹnjiníà tó lo ẹ̀rọ náà jù, dúró tì mí.

"Mẹ́sénjà, kí lo fẹ́ fi eléyìí ṣe?"

"Màá máa fi gbọ́ ohùn àwọn èèyàn mi ni, sà."

"Ṣé o mọ̀ pé ó wúwo ju ìyàwó ẹ lọ?"

"Ìyàwó mi ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn, sà. Eléyìí ni màá gbé."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ì bá dá ẹ̀rín yẹn dúró díẹ̀, kó sọ gbólóhùn kan péré fún mi nípa ẹ̀yìn tépù! Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún mi?

Ọkọ̀ akẹ́rù Sùfíánù, tó ń kó ata gbígbẹ wá láti òkè Ọya, ló bá mi gbé e délé. Músílíù àti Tàjù, àwọn ará agbo ilé wa, pẹ̀lú Làmídì ló bá mi sọ̀ ọ́. Ohun tí a kò rò ni pé ìyẹ̀fun ata ti wọ inú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn, gílóòbù kéékèèké ló máa ń pọ́n nínú wọn bí ẹ̀yinná. Bí Elétí Erin bá ti gbóná, ata á rú, gbogbo yàrá á máa sín. Ohùn àkọ́kọ́ tí a gbà sílẹ̀ ní agbo ilé wa, sísín Làmídì ni, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin léraléra, àti ohùn Tàjù lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wí pé, "Rọra o, kí ìfun ẹ má já sínú irin onírin." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Làmídì fi gbá ata kúrò nínú ẹ̀rọ, síbẹ̀ kò tán.

Ọjọ́ tí ìyá mi, Àlímótù, gbọ́ ohùn ara wọn ni mo tó mọ ohun tí mo rà. Mo gbà wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bá Músílíù jà nítorí ewúrẹ́ rẹ̀ tó jẹ ewé ẹ̀gẹ́ wọn. Nígbà tí mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Ta ni arúgbó aláriwo yìí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ irin tó gbóná náà.

"Ohùn ìyá mi nìyí," ni wọ́n wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti sin ín. Ṣé inú ọ̀fun mi ló wà láti ọjọ́ yìí?"

Èmi tí mo fi owó ra ẹ̀rọ, mo ń wò ó, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn wọn. "Ṣé ó lè gbé mi dé ọ̀dọ̀ Rájí?"

Rájí ni àbúrò mi kan ṣoṣo. Ó ti lo ọdún márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ó ń kàwé. Ìyá kò mọ̀wé. Ẹni tó bá ṣèèṣì wà nílé ló ń bá wọn kọ lẹ́tà. Wọ́n ní, "Ẹnu ẹlẹ́nu ni mo fi ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní kí ẹ kọ ọ́ pé àárò ẹ̀ ń pa mí, ẹ ó kọ ọ́ pé ara mi le."

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ sí ìrun ọ̀sẹ̀. Mo gbé máíkì síwájú wọn, mo tẹ ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Wọ́n nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jáde, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ṣáájú Rájí, èmi àti ẹ̀ ni." A jáde. A jókòó sábẹ́ igi ọdán, èmi àti Rábíàtù, ìyàwó tuntun tí kò tíì pé ọdún nílé. Kíkùn ohùn wọn nìkan là ń gbọ́ láti inú ilé. Ìgbà kan wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà kan ó dà bí ẹni pé wọ́n ń sunkún. Nígbà tí tépù tán, wọ́n jáde wá, ojú wọn dán bí ojú ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ó tán. Mo ti sọ ọ́."

Ọmọ Alájì Bákàrè, aládùúgbò wa, tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ló fẹ́ bá wa mú tépù náà lọ, ṣùgbọ́n ó di ẹ̀yìn Iléyá kó tó rin ìrìn àjò. Tépù wà nílé, ó ń dúró dè é. Rájí sì ti kọ̀wé tẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yín tí ẹ ń ròyìn ohùn ẹ̀ fún mi, ìgbà wo ni èmi náà máa gbọ́ ọ?" Kì í ṣe irọ́ ni mo pa fún un. Rábíàtù ni àwọn obìnrin Kétu àti Ìkòsì máa ń tì síwájú nígbà tí wọ́n bá ń kọ wákà pàdé àwọn tó ti Mẹ́kà dé. Bó bá gbé orin, ẹni tó ń gún nǹkan á dá ọmọ odó dúró.

Àárọ̀ ọjọ́ Iléyá ni èrò náà sọ sí mi lọ́kàn. Làmídì ti lọ sí Ìjẹ̀bú lọ ṣọdún, kò sí ẹni tí mo lè bi. Mo gbé rílì náà, mo dà á dojú délẹ̀, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe iwájú.

Rábíàtù wò mí. "Ṣé ohùn Ìyá ò ní í bàjẹ́ báyìí?"

"Bí èèyàn bá kọ̀wé sójú ìwé kan, tó ṣí i sí ìhà kejì, ṣé ti àkọ́kọ́ á parẹ́ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé."

"Ó dáa. Sún mọ́ máíkì. Kí i kó o tó kọrin."

Ó wú ikọ́, torí ata. Ó tún gèlè rẹ̀ dè, bí ẹni pé Rájí máa rí i. "Ṣé ó ti ń gbọ́ mi?"

"Ó ń gbọ́ ọ."

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ nílé wa. Kò tíì fojú kàn án rí, síbẹ̀ ó ti sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi Akọ̀wé, ẹ kú àjò o. Ọdún òní á bá yín láyọ̀." Ó wá gbé orin. Ẹni tó ré òkun kọjá, Ọlọ́hun má jẹ́ ó gbàgbé ilé; ẹni tó ń retí rẹ̀, Ọlọ́hun má jẹ́ ó retí pẹ́. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo abẹ́rẹ́ tó ń jó lábẹ́ gíláàsì, mo ní bí ọba bá wọlé báyìí, mi ò ní mọ̀. Ó ń gbé ẹsẹ orin kan lọ sókè ni iná lọ. Rílì ń rọra yí, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó dúró. Rábíàtù rẹ́rìn-ín. "Iná ò fẹ́ràn orin mi." A bú iná lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ọ̀la ni mo tó mọ̀ pé iná tó lọ yẹn, Ọlọ́hun ló rán an.

Làmídì dé láti Ìjẹ̀bú, ó wá bá wa jẹ ẹran tó kù. Mo ní kó wá gbọ́ orin ìyàwó mi. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí. Ibi tí iná ti lọ dé, orin já. Lẹ́yìn náà ni ohùn mìíràn bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀rọ. Ẹ gbọ́ mi o. Ohùn Ìyá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èdè kankan lábẹ́ ọ̀run. Ọ̀rọ̀ ń wọ ẹnu lọ dípò kó máa jáde, bí ẹni ń fa ọbẹ̀ mu. Rábíàtù fa gèlè bojú. Ìyá fúnra wọn wà ní ẹ̀yìnkùlé, a ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀wà sínú agbọ̀n, a tún ń gbọ́ wọn nínú irin níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè tí kò sí.

Làmídì fò dìde, ó pa ẹ̀rọ. "Ta ló da tépù yìí délẹ̀?"

"Èmi ni. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo lò."

"Ẹ̀yìn wo? Ẹ̀rọ kékeré tèmi ló ń kọ ìdajì ìbú tépù, tó ń fi ìdajì sílẹ̀ fún ẹ̀yìn. Eléyìí, ti iléeṣẹ́ rédíò, gbogbo ìbú ẹ̀ ló ń kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ní ẹ̀yìn! Láti ìparí ọ̀rọ̀ Ìyá lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin bọ̀."

Ìnákúnàá àwọn ẹnjiníà. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí, ó ká mọ́ mi lọ́rùn.

Nítorí ìkìlọ̀ Ìyá, Làmídì nìkan ló fi agbọ́rọ̀ há etí, kó lè mọ ibi tí ó gé dé. Ó fi tépù sí bó ṣe yẹ, ó jókòó, ó dijú. Ó pẹ́. Nígbà tó yọ ọ́ létí, kò lè wojú mi. Ó ní, "Ìbẹ̀rẹ̀ wà. Ó gé níbi tí wọ́n ti ní, 'Rájí, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi ni pé.' Kò sí nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ẹ̀ ju orin tó ń lọ sẹ́yìn."

Ó yẹ kí n lọ bá Ìyá lẹ́yìnkùlé nígbà náà. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni. Mi ò rí ẹnu sọ ọ́. Mo ní ó di ọ̀la. Mo fi tépù náà rán ọmọ Alájì Bákàrè, mo ní ààbọ̀ sàn ju òfo lọ. Bí Ìyá bá ti rí mi ní àárọ̀, wọ́n á ní, "Ṣé Rájí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi?" Mo dáhùn lọ́jọ́ kan pé, "Ó ti gbọ́ ọ, Ìyá." Inú wọn dùn débi pé wọ́n jó díẹ̀. Bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi nìyẹn. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́, Ìyá sùn, wọn kò jí. Wọ́n lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n gbà pé ọmọ wọn ti gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ wọn ni lẹ́tà Rájí dé. Kò tíì gbọ́ ikú nígbà tó kọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Ìyá parí ọ̀rọ̀ wọn. Àárín ni wọ́n ti dá a dúró."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ ń bá a. Tèmi kò tó oṣù méjì. Rájí wálé fún àdúrà ogójì ọjọ́, mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi, mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ó wo Elétí Erin, ó wo Rábíàtù tó gbé omi wá, ó ní, "Ẹ fi orin pa ìyá mi lẹ́nu mọ́." Kò mu omi náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Rábíàtù rán aṣọ tí ẹ ká yẹn. Láti ìgbà náà, ìyá yín àgbà kò kọrin mọ́. Àwọn obìnrin bẹ̀ ẹ́, wọ́n tì. Ó tọ́ ọmọ márùn-ún láìfi orin rẹ wọn. Ẹ ti lérò pé kò lóhùn ni, àbí? Ẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ pé Màmá kàn ń patẹ́wọ́ ni.

Rájí padà sí òkèèrè, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Ọdún Iléyá nìkan ló máa ń kí mi, èmi nìkan ló sì máa ń kí, kì í béèrè Rábíàtù. Làmídì lọ. Músílíù lọ, Tàjù lọ, Sùfíánù lọ. Nígbà tí Rábíàtù náà wá lọ, mo wá ohùn rẹ̀ káàkiri ilé yìí, mo kàn ń gbọ́ fáànù. Lọ́jọ́ kẹjọ rẹ̀, fóònù dún. Rájí ni. Ohùn rẹ̀ ti gbó.

"Ẹ̀gbọ́n, tépù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Mo lọ jókòó ti Elétí Erin.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e dé ibi iná, mi ò lè jó o. Ọdọọdún ni mò ń gbọ́ ti Ìyá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dà á délẹ̀, kí n lè gbọ́ ti ìyàwó yín. Mo mọ orin yẹn lórí, Ẹ̀gbọ́n. Òun ló kí mi kú àjò ní ilẹ̀ yìí nígbà tí kò sẹ́ni tó kí mi. Ẹ wò ó, ibi tí Ìyá dákẹ́ sí gan-an ni òun náà dákẹ́ sí. Ìkángun ọ̀nà kan ni Ìyá ti ń bọ̀, òun ń ti ìkángun kejì bọ̀, wọ́n pàdé lójú kan. Ó yẹ kí n sọ fún un pé orin ẹ̀ dáa. Gbogbo ọdún ni mo ń sọ pé ó di ọ̀la. Èmi náà ò rí ẹnu sọ ọ́."

Èmi àti àbúrò mi, arúgbó méjì, a sunkún sórí fóònù títí owó inú rẹ̀ fi tán. Ọ̀la rẹ̀ ló fi ohùn náà ránṣẹ́, ẹnì kan ló bá a tú u láti inú tépù sínú fóònù. Ó ti wà níbí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mi ò tíì dá gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè.

Ẹ pa fáànù yẹn. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan tó ń hó bí ẹni ń din ẹja lókèèrè. Elétí Erin nìyẹn, ó ń mí. Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan á wú ikọ́. Á béèrè bóyá ó ti ń gbọ́ òun. Ọkùnrin kan á dá a lóhùn, èmi ni ọkùnrin náà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ o, títí iná yóò fi lọ.